Ìyẹ̀fun Tí Kò Dúró De Ọ̀gá Àgbà

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jókòó rí lábẹ́ àtíbàbà ìjọba láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, tí ẹ ń retí ẹnì kan tó ní òun ń bọ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Mo fẹ́ sọ fún yín bí Ọ̀gbẹ́ni Job Oyèdìran ṣe di ẹni àná.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ṣẹ̀ ná. N kò gbọdọ̀ pe ọkùnrin náà ní Ọ̀gbẹ́ni. Ní ọdún kejì tí àwọn sójà kó ẹrù wọn padà sí bárékè, nígbà tí gbogbo ẹni tó ní agbádá funfun ní Ìkẹjà ń retí ipò, ìjọba mú ọmọ Èkìtì yìí, tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ lẹ́tà ní Aláúsá, wọ́n fi jẹ Ọ̀gá Àgbà Àjọ Ìdókòwò Sórí Ọ̀dọ́. Iṣẹ́ àjọ náà kò le rárá. Kí wọ́n kó ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ jọ, kí wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n fún wọn ní ohun èlò, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti jókòó sórí àga yẹn ni ọrùn rẹ̀ ti kọ̀, kò tẹ̀ mọ́. Bí bíírò bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bá a mú un nílẹ̀.

Ẹni tó ń bá a mú un jù ni Ọlọ́runníyì, akọ̀wé rẹ̀ tó ń mójú tó ètò ìkíni. Iṣẹ́ tí Ọlọ́runníyì ń ṣe ni pé kó ka gbogbo oyè Ọ̀gá Àgbà sókè kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn èyíkéyìí. Bí Ọ̀gá Àgbà bá fẹ́ lọ tọ̀, Ọlọ́runníyì á ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀, á ní kí àwọn tó wà nínú ilé ìtọ̀ dìde dúró. Àwọn kan sọ pé wọ́n ti dìde tẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Àjọ náà gba ilé iṣẹ́ bàtà kan tó ti kógbá sílé lójú ọ̀nà Ọba Àkran, wọ́n mọ ààrò búrẹ́dì ńlá sínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi igi dá ní Agége, wọ́n sì gba ọ̀dọ́ mẹ́rìnlélógún wọlé. Olùkọ́ wọn ni Ádámù, bàbá Haúsá kan tí wọ́n bí sí Agége, tó ti ń yan búrẹ́dì láti kékeré, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já gaara ju ti Ọ̀gá Àgbà lọ. Fàúsát wà lára àwọn ọ̀dọ́ náà, ọmọ ọdún méjìlélógún, ẹni tínńrín tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Fàúsát nìkan ló mọ ìdí tí òun fi ń sáré. Ìyá rẹ̀ ti yan búrẹ́dì rí lẹ́yìn ojú irin ní Agége, nínú ilé kékeré kan tó ní ààrò, ilé Alhaji Nùréènì. Nígbà tí ìyá náà kú, Alhaji ti ilé náà pa. Ní báyìí, àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá fẹ́ gbà á, wọ́n máa wó ààrò náà kí wọ́n lè ráyè gbé ẹ̀rọ wọn sí i. Fàúsát lọ bẹ Alhaji. Bàbá náà kò le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lásán yó òun. Ó ní òun ò fẹ́ rí sátífíkéètì, nítorí òun ò lè fi mu tíì. Ó ní ọjọ́ tí Fàúsát bá gbé búrẹ́dì gbígbóná tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan wá bá òun, òun á fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Fàúsát fi wọ ilé ẹ̀kọ́ Ọ̀gá Àgbà.

Ó wá ku ìṣòro kékeré kan. Ní oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́, wọn kò dá iná sí ààrò yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìwé àṣẹ kan ló fà á. Ọ̀gá Àgbà kọ ọ́ pé iná kankan kò gbọdọ̀ wọ ààrò náà ṣáájú iná tí òun fúnra òun máa fi ṣí i. Ọjọ́ ìṣíde sì ń sún síwájú, torí òkúta mábù tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri. Nígbà tí òkúta àkọ́kọ́ dé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í jẹ Olóyè ní ìlú wọn ni, kò sì sí Olóyè lára òkúta náà. Nígbà tí èkejì dé, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti sọ ọ́ di Alàgbà. Kí ẹ̀kẹta tó parí, yunifásítì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí géètì rẹ̀ rí fi Dókítà ta á lọ́rẹ. Owó fúláwà ni wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta. Ẹ má bínú sí mi, kì í ṣe èmi ni mo fọwọ́ sí i.

Kí làwọn ọmọ wá ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Wọ́n ń yan búrẹ́dì, kí lẹ rò? Ádámù á kó agolo búrẹ́dì tó ṣófo fún wọn, wọ́n á pa á lóróró, wọ́n á rọra tì í wọ inú ààrò tútù, wọ́n á pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Wọ́n á wá jókòó, wọ́n á máa wo aago fún ogójì ìṣẹ́jú. Bí àkókò bá pé, wọ́n á fi aṣọ di agolo mú kó má baà jó wọn lọ́wọ́. Ojú máa ń ti Ádámù nígbà náà, á kọjú sí ògiri.

Ọ̀gá Àgbà wá bẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan nígbà irú ẹ̀kọ́ báyìí. Wọ́n gbé agolo kan síwájú rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀ títí. Ọlọ́runníyì tẹrí bá, ó fi imú fa afẹ́fẹ́ inú agolo náà, ó di ojú méjèèjì, ó ní ó ń ta sánsán, ó ní irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo Ìkẹjà. Ọ̀gá Àgbà ní ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n dín ṣúgà rẹ̀ kù nígbà mìíràn. Lẹ́yìn náà ló bá wọn sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin ọ̀dọ́,” ó ní, “ẹ̀yin ni ilẹ̀ tí mo rà, ẹ̀yin ni ilé tí mo kọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá wojú yín, èmi fúnra mi ni mò ń rí níbẹ̀.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọlọ́runníyì ló ń fọwọ́ juwe ìgbà tí wọ́n máa dákẹ́.

Nígbà tó yá, òkúta kẹta parí, wọ́n fi ọjọ́ ìṣíde sí Sátidé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Inú Fàúsát dùn, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí ọjọ́ Sátidé yẹn kan náà, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ni àwọn olómi máa gbé ìwé wá kí Alhaji fọwọ́ sí i. Ó ṣírò ó. Bí wọ́n bá ṣí ààrò ní aago mẹ́sàn-án, búrẹ́dì á jáde kí oòrùn tó yẹ̀ lórí. Ádámù ní kó fọkàn balẹ̀, yóò bá Alhaji kó tó fọwọ́ sí ìwé.

Ádámù fúnra rẹ̀ ló lọ sí Aláúsá láti ṣàlàyé iṣẹ́ fún Ọ̀gá Àgbà. Ó ní ààrò onígi gbọ́dọ̀ jẹ iná fún wákàtí mẹ́ta kó tó lè yan nǹkan. Ọ̀gá Àgbà ní ti iná àwọn mẹ̀kúnnù nìyẹn, iná tí òun bá fọwọ́ òun dá kì í pẹ́. Ádámù tún ní ìyẹ̀fun tí a bá ti fi yíìsì pò kì í dúró, wíwú ló ń wú, bí àkókò rẹ̀ bá sì ti tó, kò sí ohun tó lè dá a dúró. Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín. Ó bi Ọlọ́runníyì pé ṣé wọn kò tíì fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ìyẹ̀fun náà ni. Ọlọ́runníyì rẹ́rìn-ín tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n po ìyẹ̀fun irínwó búrẹ́dì ní ìdájí Sátidé, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá tó móoru lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kí wọ́n fi àgádágodo tì í, kí wọ́n na ríbọ́ọ̀nù sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà á gé ríbọ́ọ̀nù, á ṣílẹ̀kùn, ìyẹ̀fun á sì hàn níwájú rẹ̀ bó ṣe wú rọ́gbọ́ bí ẹni ń dìde kí ọba. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan ríbọ́ọ̀nù náà ṣáájú, wọ́n á lé e, kò ní gba ìwé ẹ̀rí.

Ọjọ́ Sátidé pé. Aago méje àárọ̀, Ọlọ́runníyì ti ilẹ̀kùn, ó na ríbọ́ọ̀nù pupa, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí ìrọ̀rí kékeré kan, ó gbé e lọ sí Aláúsá bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Aago mẹ́sàn-án, àwọn àlejò ti kún abẹ́ àtíbàbà: àwọn olóyè, àwọn òbí, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì méjì, ọmọ ilé ìwé tó mú àsíá lọ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà ti múra. Agbádá rẹ̀ gba ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò tán. Akeem, awakọ̀ rẹ̀, ti fi kọ́kọ́rọ́ sí mọ́tò. Kí ló wá dá wọn dúró?

Ẹ mọ àwọn àgbà ìlú wa. Ẹni tó bá tóbi jù ló gbọ́dọ̀ dé kẹ́yìn. Kọmíṣánnà tó jẹ́ ọ̀gá fún gbogbo wọn ń bọ̀ síbi ayẹyẹ yẹn pẹ̀lú. Ọ̀gá Àgbà rò ó pé ọjọ́ òun ni, òkúta òun ni, bí òun bá wá dé ṣáájú Kọmíṣánnà, a jẹ́ pé òun wá dúró dè é bí ọmọ iṣẹ́. Ó ní kí Akeem gun ọ̀kadà lọ wò bóyá Kọmíṣánnà ti dé. Akeem lọ, ó padà, ó ní kò tíì dé. Ọ̀gá Àgbà bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ lélẹ̀.

Ní Maryland, nínú mọ́tò dúdú kan tí wọ́n gbé sábẹ́ igi, Kọmíṣánnà náà ti bọ́ bàtà tirẹ̀. Òun náà ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ń gun ọ̀kadà. Akeem àti ọmọ náà pàdé ní Ọba Àkran lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n di ọ̀rẹ́, wọ́n jọ jẹ ìrẹsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń padà lọ sọ òótọ́ fún ọ̀gá tirẹ̀ pé ẹnì kejì kò tíì dé. Bí wọ́n bá sì ti sọ òótọ́ yìí báyìí, àwọn ọ̀gá náà á tún fẹ̀yìn tì.

Ìyẹ̀fun kò ní ọ̀kadà. Aago mẹ́wàá, ilẹ̀kùn yàrá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nígbà tó di aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, nǹkan funfun kan yọ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó rọra ń bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó dé ẹsẹ̀ àwọn olóyè tó jókòó níwájú. Ọ̀kan nínú wọn fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹlòmíràn ṣe bíi pé òun kò rí i, torí kò sí ohun bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ètò. Ìyẹ̀fun sì gun bàtà rẹ̀.

Fàúsát dúró níwájú ríbọ́ọ̀nù. Ádámù ní bí ìyẹ̀fun náà bá fi wákàtí kan pẹ́ sí i, kíkan ni yóò kan, á bàjẹ́, wọ́n á dà á nù. Ọ̀gá kékeré kan láti àjọ, tí wọ́n fi ṣọ́ ríbọ́ọ̀nù, rán Fàúsát létí ìwé àṣẹ. Ó ní ṣé ó fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí oṣù mẹ́fà ṣòfò ni.

“Ẹ gba sátífíkéètì yín,” ni Fàúsát wí. “Búrẹ́dì ni mo wá kọ́.”

Ó fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ìyẹ̀fun gé ríbọ́ọ̀nù náà sí méjì. Kò lo àlùmọ́gàjí, kò sì sẹ́ni tó ka oyè rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà fi èjìká gbún ilẹ̀kùn títí ó fi ya kúrò lára ògiri, ìyẹ̀fun sì dà jáde lé wọn lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún béèrè àṣẹ mọ́. Àwọn kan ń to igi sínú ààrò, àwọn kan ń lu ìyẹ̀fun wálẹ̀, wọ́n ń fi fúláwà kún un, wọ́n ń gún un, wọ́n ń gé e sínú agolo. Inú Ádámù ló dùn jù. Nígbà tí iná àkọ́kọ́ ràn nínú ààrò náà, gbogbo wọn yíjú sí i, wọ́n ń wò ó.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, òórùn búrẹ́dì jáde. N kò ní gbìyànjú àti ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. Ẹ ṣáà rántí pé àwọn èèyàn yẹn ti jókòó láti àárọ̀, omi inú ike nìkan ni wọ́n mu. Àwọn akọrin ló kọ́kọ́ dìde. Kò pẹ́ sí i, àga ìjókòó pàtàkì ti ṣófo, àwọn olóyè ń to lẹ́yìn àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọlọ́runníyì sáré dé láti Aláúsá, ó rí ríbọ́ọ̀nù nílẹ̀, ó ké mọ́ wọn, ó ní wọ́n ti pa òun. Ẹnì kan fi búrẹ́dì gbígbóná sí i lọ́wọ́. Nígbà tó máa gé e jẹ lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti ń sọ pé ó ń ta sánsán. Ọjọ́ náà ni imú rẹ̀ kọ́kọ́ sọ òótọ́.

Fàúsát kò bá wọn jẹ. Ó fi ìborùn rẹ̀ di búrẹ́dì kan, ó gun ọ̀kadà, ó forí lé Agége.

Nígbà tó dé, wọ́n ti kírun tán. Àwọn olómi méjì ti jókòó, ìwé wọn sì wà lórí tábìlì. Fàúsát kúnlẹ̀, ó tú ìborùn. Alhaji Nùréènì bu búrẹ́dì náà, èéfín jáde nínú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

“Ó kan díẹ̀,” ni Alhaji wí.

Fàúsát ní ó kan lóòótọ́, ó ní àwọn ń dúró de èèyàn ńlá kan ni.

“Ìyá ẹ ò dúró de ẹnì kankan,” ni Alhaji wí. Ó tún bu búrẹ́dì náà, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ti ọwọ́ bọ àpò dàńsíkí rẹ̀, ó fa kọ́kọ́rọ́ kan tó ti dípẹtà yọ, ó fi í lé Fàúsát lọ́wọ́. Fàúsát sunkún, kò sì fi bò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọba Àkran. Ọmọ ọ̀dọ̀ Kọmíṣánnà ti gbé búrẹ́dì kan lọ sí Maryland, Kọmíṣánnà jẹ ẹ́ tán nínú mọ́tò, ó tún wù ú jẹ, ìyẹn ló sì gbé e dé ibi ayẹyẹ nígbẹ̀yìn, láìwọ bàtà. Ó bi Ádámù pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti dá iná sí ààrò yìí láti oṣù mẹ́fà. Ádámù ní ẹ̀ẹ̀kan, òní. Kọmíṣánnà mi orí, ó ní ìyẹn kò burú jù. Lẹ́yìn náà ló rí aṣọ tí wọ́n fi bo ògiri, ó ká a.

Òkúta mábù náà ga tó ọmọ ọdún méje. ALÀGBÀ OLÓYÈ DÓKÍTÀ JOB OYÈDÌRAN wà níbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi tó ẹ̀ṣẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí sìmẹ́ńtì ti bo díẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ orúkọ Kọmíṣánnà, pé ó wà níbẹ̀. Kọmíṣánnà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó rí i kà. Nígbà tó nàró, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ló bí i nínú. Ó gba bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Akeem sáré lọ sọ fún Ọ̀gá Àgbà pé Kọmíṣánnà ti dé. Ọ̀gá Àgbà wọ bàtà, ó ní kí wọ́n tẹ fèrè. Aago márùn-ún kọjá ló dé Ọba Àkran, òun ló dé kẹ́yìn, bó ṣe fẹ́. Àwọn tó ń ká àtíbàbà nìkan ló kù, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èérún. Ọlọ́runníyì so ríbọ́ọ̀nù pọ̀ kíákíá níwájú ẹnu ọ̀nà tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́, ó ka gbogbo oyè náà, Ọ̀gá Àgbà sì gé ríbọ́ọ̀nù. Ó wá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú ìwé méjìlélógún, láti orí dé ìdí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Kọmíṣánnà tó wà ní ìjókòó.

Ní Mọ́ńdè, lẹ́tà kan dé sórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà. Lẹ́tà náà ní kì í ṣe Ọ̀gá Àgbà mọ́, kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, sí yàrá tí wọ́n ń kó àga tó kán sí. Ọlọ́runníyì ló gbé lẹ́tà náà wá, kò sì ka oyè kankan kó tó wọlé. Kọmíṣánnà ní kí wọ́n yọ òkúta yẹn kúrò lójú òun, wọ́n gbé e jù sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdìran, tí mo lè pè bẹ́ẹ̀ báyìí, jí lọ ra búrẹ́dì ní Agége. Wọ́n ní kó lọ sẹ́yìn ojú irin, níbi tí ọmọbìnrin kan àti bàbá Haúsá kan ti ń yan èyí tó dára jù. Ó tò sórí ìlà. Nígbà tó kàn án, ó rí tábìlì tí wọ́n ń po ìyẹ̀fun lé lójú fèrèsé. Mábù ni, ó tutù, ó gùn tó ọmọ ọdún méje, wọ́n sì gbé e lé orí igi mẹ́rin. Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Fàúsát na ìyẹ̀fun sórí òkúta náà, ó fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ó yí i padà. Gbogbo lẹ́tà náà ti wọ ara ìyẹ̀fun, Alàgbà, Olóyè, Dókítà, wọ́n kọjú sódì. Ó gbé ojú sókè, ó rí ọkùnrin náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, ó ń wú lọ́wọ́.”

Ọkùnrin náà ní kò burú. Ó dúró sójú fèrèsé, ó ń wo ìyẹ̀fun náà bó ṣe ń rọra dìde, tí Dókítà ń fẹ̀, tí Olóyè ń pòórá, títí kò fi sí ohunkóhun lára rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wọnú iná.